Láti ojú kọ̀ǹpútà dé ojú títì: Ta ló ń rí iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé tí a ń ṣe ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Ẹni tó bá ti dúró ní Ojúẹlẹ́gba ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé rí kò nílò àpèjúwe. Kọ́ńdọ̀ kan ń pe Yábàá, òmíràn ń pe Ọ̀ṣódì, ẹ̀kẹta ń kìlọ̀ fún èrò pé kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wọn. Èrò kan pariwo "ó wà o!" láti ìjókòó ẹ̀yìn. Fèrè ọkọ̀ ń dún, oníbúrẹ́dì ń polówó, oníwàásù ti gbé sípíkà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àdúrà ọ̀pọ̀ wa ni pé kí ọkọ̀ tètè gbé wa kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó mọ̀ọ́mọ̀ dúró láti gbọ́ ọ. Emeka Ogboh, tí wọ́n bí ní Enugu lọ́dún 1977, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gba ariwo Èkó sílẹ̀ ní 2008. Ohun tí etí ń gbọ́ ní gáréèjì, lójú títì àti nínú ọjà ló sọ di iṣẹ́ ọnà, ó sì pe àkójọ náà ní "Lagos Soundscapes". Nígbà tó fi máa di 2010, ariwo yẹn ti dé mùsíọ́mù Rautenstrauch-Joest ní ìlú Cologne, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, níbi ìpàtẹ kan tí wọ́n pè ní Afropolis. Àwọn ará Jámánì wọlé, wọ́n sì tẹ́tí sí ohun tí àwa ń sá fún.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan níbí. Kí ló dé tó fi rọrùn fún ohùn Ojúẹlẹ́gba láti rí ibi jókòó ní Cologne ju kó rí ibi jókòó ní Ojúẹlẹ́gba fúnra rẹ̀ lọ?

Ìbéèrè náà kan gbogbo iṣẹ́ ọnà tí a ń fi kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà fídíò àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe. Wọ́n máa ń sọ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ìlú, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè rí i níbi yòówù kó wà. Ìtàn rẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní agbègbè wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Fáìlì kò ní ara. Kí èèyàn tó lè dúró níwájú rẹ̀, kó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó, kí wọ́n jọ jiyàn lé e lórí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá ara fún un: ògiri, iná, sípíkà, òrùlé, àti ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn. Ibi tí nǹkan wọ̀nyí bá wà ni iṣẹ́ náà máa ń gbà lọ.

"M̀bá rí, m̀bá yọ̀"

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán lọ bá èèyàn níbi tó wà. Láyé ìjọba amúnisìn, ọkọ̀ sinimá máa ń lọ láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbangba, wọ́n á sì tan àwòrán sí i lára tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìjọba ló ń yan ohun tí ará ìlú yóò wò.

Nígbà tó yá, àwọn òṣèré tíátà Yorùbá gba ọgbọ́n náà, wọ́n fi ṣe tiwọn. Lẹ́yìn tí "Àjàní Ògún" jáde ní 1976, tí "Aiyé" ti Hubert Ògúndé sì tẹ̀lé e ní 1979, àwọn ẹgbẹ́ tíátà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù wọn káàkiri pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ń lò, ilé ẹ̀kọ́ náà ni, àwọn fúnra wọn ló sì ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Ìtàn míì tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1961. Àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, tí Wole Soyinka, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J.P. Clark, Demas Nwoko àti Uche Okeke wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ pẹ̀lú Ulli Beier. Ilé oúnjẹ kan tó ti jẹ́ ti àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà, ní Dùgbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Igbo agbègbè Owerri ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n máa ń mọ ilé alámọ̀ tí ère kún inú rẹ̀ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, wọ́n á sì pe ilé náà ní Mbari.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Dúró Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di irú ibùdó kan náà. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ Mbari, ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ: m̀bá rí, m̀bá yọ̀. Bí mo bá rí i, màá yọ̀. Bí orúkọ ibùdó náà ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn. Àárín ìlú ló wà. Ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ lè yà síbẹ̀ wo àwòrán tàbí eré, láìjẹ́ pé ó gba ìwé ìpè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi gbólóhùn àwọn ará Òṣogbo yìí sọ́kàn, nítorí a máa padà sí i. Wọ́n ti sọ pé rírí ló ṣáájú yíyọ̀.

Yàrá kan ní Yábàá

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, Bísí Silva ṣí Centre for Contemporary Art, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí CCA Lagos, ní Yábàá. Ní àkókò yẹn, bí ẹnìkan bá dárúkọ iṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà, àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn àti ère ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa ń lọ bá. Àwọn ni olówó lè rà, kó gbé wọn sí pálọ̀, kí àlejò rí wọn. Fídíò ńkọ́? Ta ni yóò rà á, ibo ni yóò sì gbé e kọ́?

Silva fàyè gba ohun tí ọjà kò tíì fẹ́. Ní 2009, Oyindamola Fakeye àti Jude Anogwih ṣètò ìpàtẹ fídíò kan síbẹ̀ tí wọ́n pè ní "Identity: An Imagined State". Àwọn méjèèjì àti Emeka Ogboh ló tún jọ dá Video Art Network Lagos sílẹ̀, kí àwọn tó ń fi fídíò ṣe iṣẹ́ ọnà lè mọ ara wọn, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n sì rí ibi tí wọn yóò ti fi í hàn.

Ẹ wo ohun tí irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Ó fẹ́ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, sípíkà tí ohùn rẹ̀ kò ní da ti yàrá kejì rú, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ kí fídíò lè tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá parí. Lékè gbogbo rẹ̀, ó fẹ́ iná. Bí iná bá lọ níwájú àwòrán ọlọ́dà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, àwòrán ṣì wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ níwájú fídíò, ògiri lásán ló kù. Nítorí náà, owó epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ara owó iṣẹ́ ọnà náà láti ọjọ́ kìíní.

Ọdún 2010 ni Azu Nwagbogu bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún LagosPhoto. Fọ́tò tí kámẹ́rà ìgbàlódé yà ni wọ́n tẹ̀ gbàǹgbà gbàǹgbà, wọ́n sì gbé púpọ̀ nínú wọn síta gbangba. Ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́ ṣe ní ilé ìpàtẹ lè bá wọn pàdé lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìwé tí a tẹ fọ́tò sí kò béèrè iná ní ọ̀sán, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn díẹ̀ láti gbé fọ́tò jáde ju fídíò tàbí ohùn lọ.

Bísí Silva jáde láyé ní oṣù Kejì ọdún 2019, lẹ́ni ọdún 56. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún nígbà náà ti di ẹni tí ayé mọ̀.

Èdè Yorùbá nínú orin orílẹ̀-èdè Jámánì

Ọ̀kan lára wọn ni Ogboh. Ní 2015, Okwui Enwezor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Calabar, ló darí ìpàtẹ ńlá ti Venice ní Ítálì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ìpàtẹ yìí ni Ogboh gbé "The Song of the Germans" wá.

Ó kó akọrin mẹ́wàá tó wá láti Áfíríkà tí wọ́n ń gbé ní Berlin jọ. Orin orílẹ̀-èdè Jámánì ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù fi èdè abínibí rẹ̀ kọ ọ́, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Sípíkà mẹ́wàá ló gbé ohùn wọn jáde. Bí èèyàn bá súnmọ́ sípíkà kan, ohùn ẹnìkan ló máa gbọ́. Bí ó bá dúró ní àárín, gbogbo wọn ló máa gbọ́ pọ̀.

Ọdún náà gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sá wá sí Yúróòpù gba gbogbo ẹnu kan. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ orin orílẹ̀-èdè kan? Ṣé ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó ń sanwó orí níbẹ̀, lè fi èdè ìyá rẹ̀ kọ ọ́? Iṣẹ́ náà kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èyí. Ó kàn jẹ́ kí èèyàn gbọ́ orin náà.

A lè fi èyí yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èrò tó lọ sí Venice lọ́dún náà ló gbọ́ Yorùbá náà dáadáa. Ẹni tó ń gbé ní Mokola tàbí ní Ìlọrin lè rí fọ́nrán kékeré lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sí bí fóònù kan ṣe lè ṣe iṣẹ́ sípíkà mẹ́wàá. Ohun tí a kọ́ síbẹ̀ ni ká lè rìn láàárín ohùn, fóònù kò sì ní àárín tí èèyàn lè rìn wọ̀.

Ilé kan ní Dakar tí kò ti ìlẹ̀kùn

Ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn. Ọdún 2002 ni Marion Louisgrand Sylla àti François Sylla dá Kër Thiossane sílẹ̀ ní Dakar. Ní èdè Wolof, ilé ni "kër". "Thiossane" sì ń tọ́ka sí àṣà àti ìṣẹ̀dálẹ̀. Orúkọ àtijọ́ ni wọ́n fún ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ìlú náà ti ní ìpàtẹ Dak'Art tí gbogbo ayé ń wá wò, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí fẹ́ ibi tí àdúgbò yóò ti máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Láti 2008 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Afropixel. Àdúgbò tí wọ́n wà, Sicap Liberté II, jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ń gbé. Wọ́n kọ́ ọ̀dọ́ bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà tí ètò inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì jáde kúrò nínú ilé lọ sí ọgbà gbangba àdúgbò náà láti ṣe é ní ibi tí gbogbo ènìyàn lè jókòó sí. Oníṣẹ́ ọnà, ìyá tó ń gbin ewébẹ̀ àti ọmọ tó fẹ́ mọ bí wáyà ṣe ń ṣiṣẹ́ jọ wà níbẹ̀.

Ní Accra, ní 2011, àjọ̀dún Chale Wote bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ ọnà lọ sí ojú títì Jamestown, àdúgbò àwọn apẹja. Ògiri ilé àti ojú ọ̀nà ni àwọn oníṣẹ́ ọnà lò níbẹ̀.

Ohun tí Dakar àti Accra kọ́ wa ni pé àyè kò pọndandan kó jẹ́ gbọ̀ngàn olówó ńlá. Ògiri wà níbi gbogbo. Ẹni tí yóò gba àṣẹ láti lò ó, tí yóò san owó iná, tí yóò sì tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ni kò pọ̀.

Ọmọ Aba tó fi Microsoft Word yàwòrán

Aba ni wọ́n bí Osinachi sí lọ́dún 1991. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, káfẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń rí kọ̀ǹpútà lò, ètò tó sì mọ̀ dunjú ni Microsoft Word, tí àwọn akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilà àti àwọ̀ inú rẹ̀ ya èèyàn, pẹ̀lú bátànì kíkún lára aṣọ wọn. Títí di òní, Word ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ó wá ilé ìpàtẹ tí yóò gba iṣẹ́ rẹ̀, kò rí. Lójú ọ̀pọ̀ oníṣòwò iṣẹ́ ọnà nígbà náà, ohun tó wá láti inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ní 2017, ó rí ọ̀nà mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ayé wá mọ̀ sí NFT. NFT dà bí ìwé ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọjá níwájú ilẹ̀ náà, kó wò ó, kódà kó yà á ní fọ́tò, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ni ín ló wà nínú ìwé. Fáìlì tí gbogbo ayé lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ wá di ohun tí ẹnìkan lè rà, kó sì tún tà.

Ọdún 2021 ni ilẹ̀kùn ṣí gbàràgàdà. Ní oṣù Kẹwàá, ilé Christie's ní London, pẹ̀lú ìpàtẹ 1-54 tó wà fún iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, gbé iṣẹ́ rẹ̀ márùn-ún jáde lábẹ́ orúkọ "Different Shades of Water". Ó fi wọ́n fèsì sí àwòrán odò ìwẹ̀ tí David Hockney yà ní 1972. Osinachi di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Christie's ta NFT rẹ̀ ní Yúróòpù.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó wà nílé. Art X Lagos, ìpàtẹ tí Tokini Peterside dá sílẹ̀ ní 2016, fà á mọ́ra láti yan iṣẹ́ fún ìpàtẹ NFT tí wọ́n pè ní "Reloading", pẹ̀lú ọjà SuperRare. Àwọn tó wá sí Victoria Island lọ́dún náà rí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà lójú ẹ̀rọ ńlá, nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n dúró níwájú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Nígbà tó di 2022, iye owó NFT já wálẹ̀ káàkiri ayé. Àwọn tó ń rà á nítorí èrè sá lọ. Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kò bá wọn lọ, ó ṣì wà, ìbéèrè àtijọ́ náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀: níbo la ó ti máa wò ó?

Ní 2023, ìdáhùn kan wá láti Amẹ́ríkà. Mùsíọ́mù ìlú Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio, gba Osinachi lálejò gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún kan náà, mùsíọ́mù yẹn gba ìpàtẹ kan nípa Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1962, tí òun fúnra rẹ̀ sì wá gbé ní orílẹ̀-èdè wa ní 1964. Ẹ mọ ẹgbẹ́ tí ìpàtẹ náà dárúkọ pẹ̀lú rẹ̀? Mbari ni. Ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé oúnjẹ àtijọ́ ní Dùgbẹ̀, àti ọmọ Aba tó ń fi Word yàwòrán, pàdé lábẹ́ òrùlé kan ní Ohio.

Ọdún 17 tó ṣófo ní Ẹdó

Bí ẹnìkan bá ṣì ń rò pé ọ̀rọ̀ ibi tí iṣẹ́ wà kò tó nǹkan, kó wo ti Minne Atairu, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba wọ ìlú Benin. Wọ́n jó o, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ, eyín erin àti igi ààfin lọ. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló kú sí ní 1914. Ọdún yẹn náà ni ọmọ rẹ̀, Eweka Kejì, gun orí ìtẹ́. Láàárín ọdún 17 yẹn, kò sí ọba láàfin. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ òpópónà Igun, tó jẹ́ pé ọba ló ń pàṣẹ iṣẹ́ fún wọn, kò ní ẹni tí yóò pàṣẹ.

Ohun tí Atairu béèrè ni pé: kí ni wọn ì bá ti rọ, ká ní wọn kò dá iṣẹ́ dúró? Ó kó fọ́tò àwọn iṣẹ́ idẹ Benin jọ, ó fi kọ́ ẹ̀rọ ìmọ̀ AI, títí tí ẹ̀rọ náà fi ń mú orí, ojú àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn jáde tí ẹnikẹ́ni kò rọ rí. Ó pe iṣẹ́ náà ní "Igùn". Ó gba ẹ̀bùn Lumen fún un ní 2021.

Ẹ ronú sí i wò. Kí ó tó rí fọ́tò kó jọ, àkójọ àwọn mùsíọ́mù òkè òkun ló fẹ́ wò, nítorí ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ náà wà. Nígbà tí ètò Digital Benin jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, iye ohun tó tò sílẹ̀ jẹ́ 5,246, láti ilé iṣẹ́ 131 ní orílẹ̀-èdè 20. Iṣẹ́ Atairu fúnra rẹ̀ náà gba irú ọ̀nà yẹn. The Shed ní New York fi í hàn, mùsíọ́mù MARKK ní Hamburg náà fi í hàn.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ní òpópónà Igun lè ṣí ojú ìwé Digital Benin bí ó bá ní dátà. Ó lè fi ìka fa àwòrán tóbi, kó rí ìfínná tí baba ńlá rẹ̀ fi sí etí orí idẹ. Àǹfààní ńlá ni, ẹ má jẹ́ ká fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n idẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, orí tí ẹ̀rọ rò nípò idẹ náà kò sì sí lára ògiri kankan tó lè rìn dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nǹkan kan náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Kí ló ń dí wa lọ́wọ́ nílé?

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ dárúkọ iná, ó sì tọ́. Ní 2024 nìkan, ẹ̀rọ tó ń pín iná kárí Nàìjíríà dákú léraléra. Ilé ìpàtẹ tó bá fẹ́ fi fídíò hàn fún oṣù kan gbọ́dọ̀ ra epo oṣù kan, tàbí kó ra bátìrì àti páńẹ́lì oòrùn. Ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán ń gbó, gílóòbù rẹ̀ ń kú, owó dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra òmíràn.

Ìkejì ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìpàtẹ ń fi owó tí wọ́n rí nínú títà gbé ara wọn. Iṣẹ́ tí kò ṣeé tà kì í pẹ́ lórí ògiri wọn. Ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà, mùsíọ́mù lè ní owó ìjọba tàbí owó àwọn olóore tó ń jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí kò mówó wọlé hàn fún oṣù mẹ́ta. Ìdí pàtàkì kan rèé tí ohùn Ojúẹlẹ́gba fi rí àyè ní Cologne.

Ìkẹta ni ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ní Lẹ́kkí bóyá ó ti wọ ilé ìpàtẹ tó ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ rí. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára géètì pé kó má wọlé. Ṣùgbọ́n gíláàsì, mẹ́gáàdì àti ọkọ̀ tó tò síwájú ilé ti sọ fún un pé kì í ṣe ibi tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀rọ kò wọ́n lójú títì wa mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìkóríta Èkó, pátákó ìpolówó oníná ń tàn tọ̀sán tòru, tó tóbi ju ògiri ilé ìpàtẹ èyíkéyìí lọ. LASAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń bójú tó wọn. Ọtí, báńkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù àti olóṣèlú ló ń yọ lójú wọn. Ògiri wà, iná wà, èrò tí gọ̀sílóò dá dúró sì ń wò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá ya ìṣẹ́jú kan sọ́tọ̀ láàárín wákàtí kan fún iṣẹ́ ọnà, iye ojú tí yóò rí i lọ́jọ́ kan lè ju èyí tí yàrá kan ní Yábàá ń rí lọ́dún lọ.

Ibi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí

Ní Oníkàn, ní Erékùṣù Èkó, adágún ìwẹ̀ kan wà tí Dókítà John Randle kọ́ fún àwọn ará Èkó ní 1928, lásìkò tí ìjọba amúnisìn kò ka irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ John Randle Centre sí, ibùdó àṣà àti ìtàn Yorùbá, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù Kínní ọdún 2023. Seun Oduwole ló ya àwòrán ilé náà.

Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé ère àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò dá dúró nínú gíláàsì. Ohùn ń jáde, fíìmù ń tàn lára ògiri, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi ṣáájú nínú àlàyé. Ìyá àgbà tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì lè ṣàlàyé fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, dípò kí ọmọ-ọmọ máa túmọ̀ fún un. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ pé ó máa gba àṣà lọ́wọ́ wa ni wọ́n fi ń sọ ìtàn àṣà náà.

Ibùdó kan kò tó fún ìlú bí Èkó, ká má tíì sọ ti Nàìjíríà. Ìbéèrè tó ń dojú kọ ọ́ náà ni ti gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀: ta ni yóò máa san owó iná, ta ni yóò tún ẹ̀rọ ṣe nígbà tó bá bàjẹ́, ta ni yóò rí i pé owó ìwọlé kò lé ará ìlú sẹ́yìn? Àwọn tó kọ́ ilé Mbari fún Ala máa ń fi í sílẹ̀ kó wó, nítorí àwọn ọmọ wọn mọ bí wọn yóò ṣe mọ òmíràn. Ilé tí ẹ̀rọ kún inú rẹ̀ kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Bí a bá fi sílẹ̀, ó kú nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà kò dín kù. Wọ́n wà ní Aba, wọ́n wà ní Benin, wọ́n wà ní Ìbàdàn, púpọ̀ nínú wọn ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà àlòkù ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá rí ògiri nílé, wọn yóò rí i níbòmíràn, a ó sì tún máa ka ìròyìn wọn láti Toledo àti Venice, inú wa yóò dùn, a ó fi ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp.

Ní Ojúẹlẹ́gba, kọ́ńdọ̀ ṣì ń pe Yábàá. Ó ti ń pè é láti àárọ̀, kò sì mọ̀ pé ohùn irú òun ti dé inú mùsíọ́mù ní Jámánì. Ọjọ́ tó bá gbọ́ ọ láti inú sípíkà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kó bú sẹ́rìn-ín, kó pe awakọ̀ rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Ohun tí àwọn ará Òṣogbo ń sọ láti 1962 náà nìyẹn.